Ọwọ́ Ọmọdé Nínú Iṣẹ́ Ilé: Ẹ̀kọ́ Ni, Kì Í Ṣe Ìyà

Ní àwọn ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, bíi Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Karu, ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ìlú lásìkò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ká òun mọ́ ojú ọ̀nà. Nínú irú ìkánjú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ọdún 2 bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ tí ìyá rẹ̀ mú dání, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Fi í sílẹ̀, má dí mi lọ́wọ́." Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ó tún fẹ́ bá wọn palẹ̀ abọ́ mọ́, wọ́n á ní yóò fọ́ abọ́. Wọ́n á tan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún un, tàbí kí wọ́n fi fóònù lé e lọ́wọ́, kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́.

Kò sí òbí tó ń ṣe èyí pẹ̀lú èrò ibi. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà ju ìgbálẹ̀ lọ. Àǹfààní láti lo ara, láti ronú, láti sọ̀rọ̀, àti láti mọ̀ pé òun náà wúlò nínú ilé ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ní àkókò gan-an tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí i.

Ọ̀rọ̀ náà sì ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ sọ síta. Nínú àwọn ilé kan tí ọmọ onílé kì í ti í gbé abọ́ tó fi jẹun kúrò nílẹ̀, ọmọ mìíràn wà níbẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 12, tí wọ́n mú wá láti abúlé, tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ aṣọ, tó ń pọn omi, tó sì tún ń pọn ọmọ. Ọ̀kan kò rí iṣẹ́ ṣe rárá. Èkejì ń ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì ni ilé náà ń ṣẹ̀.

Ọmọdé ti fẹ́ ṣèrànwọ́ kí a tó rán an

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìhùwàsí ọmọdé, Felix Warneken àti Michael Tomasello, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Leipzig ní orílẹ̀-èdè Jámánì nígbà náà, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ọmọ oṣù 18 ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún, iye wọn sì jẹ́ 24. Àgbàlagbà kan á máa sá aṣọ sórí okùn, ohun tó fi ń há aṣọ mọ́ okùn á bọ́ sílẹ̀, á sì na ọwọ́ sí i, kò ní lè mú un. Nígbà mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ á kún fún ìwé, kò sì ní lè ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ṣèlérí ohunkóhun fún ọmọ náà. Síbẹ̀, 22 nínú àwọn ọmọ 24 náà ló ṣèrànwọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1982, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Harriet Rheingold, ti gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 18, oṣù 24 àti oṣù 30. Ó mú wọn wọ yàrá tí wọ́n tò bí ilé, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n sì ń ká aṣọ. Láìsí pé ẹnikẹ́ni rán wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà bá òbí wọn dá sí iṣẹ́. Ohun tó yẹ kí ó mú òbí ìlú ńlá ronú ni ohun tí díẹ̀ nínú àwọn òbí náà sọ: pé nílé tiwọn, ìgbà tí ọmọ bá sùn ni àwọn máa ń sáré ṣe iṣẹ́ ilé, kí ó má baà dí àwọn lọ́wọ́. Ohun tí onímọ̀ náà rí gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́, ìdíwọ́ ni àwọn òbí kà á sí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ìgbà tí ọmọ bá mọ iṣẹ́ tán ni ó ń fẹ́ iṣẹ́. Ìfẹ́ ló kọ́kọ́ ń yọjú. Ìmọ̀ àti agbára ń bọ̀ lẹ́yìn. Òbí tó lé ọmọ ọdún 2 kúrò nídìí iṣẹ́ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ṣe, tó wá ń pariwo mọ́ ọn ní ọmọ ọdún 10 pé ó ya ọ̀lẹ, ti gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ lé e. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Rírán ọmọ níṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá

Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wá lọ sínú yàrá ìwádìí kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti mọ ìrìn í rìn ni wọ́n ti ń rán an: "Lọ gbé bàtà bàbá wá." "Gbé ife yìí fún ìyá àgbà." Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kan dáadáa, wọ́n á fi òmíràn kún un. Bí ó bá tún dàgbà díẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹnu rán an, kí ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un, kí ó sì mú èsì bọ̀. Kì í ṣe pé àgbà kò lè dìde ni. Nínú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni àgbà ti ń mọ̀ bóyá ọmọ ń gbọ́ràn, bóyá ó ń rántí nǹkan, bóyá ahọ́n rẹ̀ ti là, bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yin ọmọ pé ó ń jẹ́ iṣẹ́, tí ó sì fi jẹ́ ìtìjú fún ìdílé bí aráalé bá sọ pé ọmọ wọn kò ṣe é rán.

Àwọn onímọ̀ ti wo àṣà yìí náà wò. Ní ọdún 2002, Oluyomi Ogunnaike àti Robert Houser gbé ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ Yorùbá kéékèèké tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nílé. Wọ́n fi iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà ń jẹ́ wé bí wọ́n ṣe ṣe sí nínú ìdánwò làákàyè tí wọ́n ṣètò fún ọmọ Yorùbá, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ jíjẹ́ àti ṣíṣe dáadáa nínú ìdánwò náà ń rìn pọ̀. Èyí kò fi hàn pé iṣẹ́ jíjẹ́ nìkan ló ń fún ọmọ ní ọgbọ́n, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí máa rán ọmọ tó bá já fáfá ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àṣà tí àwọn kan ti ń kà sí ìfìyàjọmọ, tàbí ìwà ará oko, kì í ṣe ohun tí a ń sáré jù nù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá náà ti sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tó jáde ní ọdún 1974. Nínú àwọn ohun pàtàkì méje tó ní ẹ̀kọ́ àbáláyé ilẹ̀ Áfíríkà ń lépa, ó ka ìfẹ́ sí iṣẹ́ òtítọ́ mọ́ wọn, ó sì ka kíkópa nínú ohun tí ìdílé àti àwùjọ ń ṣe mọ́ wọn. Ọmọ kì í dúró di ìgbà tó bá wọ ilé-ìwé kí ó tó kọ́ ìwọ̀nyí. Inú ilé ló ti ń kọ́ wọn, nípa wíwo àgbà àti bíbá wọn ṣe é.

Òótọ́ ni pé ìlú kò rí bí ó ti rí mọ́. Láyé àtijọ́, ojú gbogbo àdúgbò ló wà lára ọmọ tí wọ́n rán lọ sí ilé kejì. Ní Àbújá òde òní, odi gíga ló yí ọ̀pọ̀ ilé ká, aládùúgbò lè má mọ orúkọ ara wọn, ìbẹ̀rù ọkọ̀ àti ti ajínigbé sì wà. Kò sí ẹni tó ní ọgbọ́n tí yóò gba òbí nímọ̀ràn pé kí ó rán ọmọ ọdún 3 sọdá títì. Ohun tó kù láti ṣe ni kí iṣẹ́ rírán wọ inú ilé: láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, láti ibi tí a ń sá aṣọ sí dé inú yàrá. Ọ̀nà ló kúrú, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kúrú.

Àǹfààní rẹ̀ fún ara, ọpọlọ àti èdè

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, gbé jáde ní ọdún 2019 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àjọ náà ní ó yẹ kí ọmọ ọdún 1 sí ọdún 4 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Ó ní kò yẹ kí ọmọ ọdún 1 máa jókòó wo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tàbí fóònù rárá, àti pé kí ti ọmọ ọdún 2 sí ọdún 4 má ṣe ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ìdílé tó ń gbé inú yàrá méjì, tí kò ní àgbàlá tí ọmọ lè sáré sí, lè máa béèrè bí àwọn yóò ṣe rí ìṣẹ́jú 180 náà. Iṣẹ́ ilé wà lára ìdáhùn. Ọmọ tó ń gbé aṣọ láti inú agbọ̀n dé orí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣa ohun ìṣeré, tó ń dìde, tó tún ń padà lọ, ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ìka ọwọ́ náà ní àǹfààní tirẹ̀. Ọmọ tó ń já ewédú, tó ń já a ní ewé kọ̀ọ̀kan kúrò lára igi rẹ̀, ń fún ìka rẹ̀ lágbára. Ìka yẹn kan náà ni yóò fi di pẹ́ńsù mú nílé-ìwé. Ṣáájú kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, yóò fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ fún 20 ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán, àṣà tó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru yóò sì mọ́ ọn lára láìsí ìwàásù. Ọmọ tó bá bá wọn já ẹ̀fọ́ sì sábà máa ń fẹ́ tọ́ ọ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ti èdè, àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Àbújá ní ìdí pàtàkì láti mú ọmọ wọ ilé ìdáná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ń gbọ́ ní ilé-ìwé, Haúsá ló ń gbọ́ ní ọjà, Yorùbá kò sì ní ibi tí yóò ti gbọ́ ọ bí kò ṣe ilé. Èdè Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́. Ewédú ni a ń já, ẹ̀wà ni a ń ṣà, ẹ̀pà ni a ń bó, ilá ni a ń rẹ́, ògì ni a ń sẹ́. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ wọ̀nyí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè kọ́ ọ. Bákan náà ni "abẹ́ tábìlì", "ẹ̀yìn ilẹ̀kùn" àti "ẹ̀gbẹ́ àwo" ń yé ọmọ nígbà tí wọ́n bá rán an láti lọ mú nǹkan níbẹ̀.

Àǹfààní náà kì í tètè tán. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019 tẹ̀ lé àwọn ọmọ 9,971 láti kíláàsì àkọ́kọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ ọdún 5 sí 6 máa ń wà dé kíláàsì kẹta. Àwọn tí kì í sábà ṣe iṣẹ́ ilé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n sọ, ní kíláàsì kẹta, pé àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ ṣe, pé àwọn kò mọ̀wé tó, tàbí pé inú àwọn kò dùn sí ayé àwọn. Ní ọdún 2022, Deanna Tepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì La Trobe ní Ọsirélíà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òbí 207 tí ọmọ wọn wà láàárín ọdún 5 sí 13. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ tó kan ara wọn àti iṣẹ́ tó kan gbogbo ilé ni wọ́n dára jù ní fífi nǹkan sọ́kàn àti ní kíkó ara wọn níjàánu. Irú ìwádìí báyìí kì í sọ pé ohun kan ló dájú pé ó fa èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí.

Iṣẹ́ tó bá ọjọ́ orí mu

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Òwe yìí fi hàn pé ọmọdé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì tún fi hàn pé pẹpẹ kì í ṣe ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.

Ọmọ oṣù 18 sí ọdún 2 lè kó ohun ìṣeré rẹ̀ padà sínú agbọ̀n, ó lè ju bébà sínú ike ìdọ̀tí, ó lè gbé bàtà wá, ó sì lè máa na aṣọ gbígbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹni tó ń ká a. Ó lè já ewédú pẹ̀lú, bí ẹnìkan bá jókòó tì í. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ọmọ ọdún 3 sí 4 lè to ṣíbí sórí tábìlì, ó lè gbé abọ́ ike tirẹ̀ lọ sí ibi ìfọbọ́, ó lè wá ẹnìkejì ìbọ̀sẹ̀, ó lè bomi rin òdòdó, ó sì lè fi aṣọ tútù nu tábìlì kékeré. Ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku máa ń bo gbogbo nǹkan ní Àbújá, iṣẹ́ kì í wọ́n lórí tábìlì.

Ọmọ ọdún 5 sí 7 lè gbá yàrá kan, ó lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó lè fọ ife ike àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó lè ṣa ẹ̀wà, ó sì lè bá òbí ka iye ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà.

Àìlera kò sọ ọmọ di aláìwúlò. Ọmọ tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ gbálẹ̀ tí eruku ti ń sọ, ṣùgbọ́n ó lè ká aṣọ. Ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìẹ kò yẹ kí ó máa fi ọwọ́ bọ omi tútù pẹ́, kò sì yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ tí yóò rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó lè jókòó to ṣíbí tàbí kí ó já ẹ̀fọ́. Ọmọ tí wọ́n bá ní kí ó lọ sinmi nígbà gbogbo, tí wọn kò fún ní ohunkóhun ṣe, lè gbà pé ẹrù lòun jẹ́ fún ìdílé.

Ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ sún mọ́

Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Jálákí omi onílítà 25 tí àwọn alómi ń fi kẹ̀kẹ́ tì kiri àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ Àbújá wúwo tó kílógíráàmù 25 bí ó bá kún. Ọmọ ọdún 6 fúnra rẹ̀ kò sábà ju nǹkan bíi kílógíráàmù 20 lọ. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù ú kò kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bàjẹ́.

Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ wà nídìí iná, omi gbígbóná, gáàsì tàbí ọ̀bẹ mímú. Bí nǹkan gbígbóná bá jó o, omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n dà sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹyin tútù, epo àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe ìtọ́jú iná.

Epo kẹrosín, oògùn apakòkòrò, omi tí a fi ń bó aṣọ funfun àti ohun líle tí a fi ń ṣe ọṣẹ kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, wọn kò sì gbọdọ̀ wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi mímu. Ọmọ tí wọ́n bá rán láti lọ gbé omi wá kò ní mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi ipá mú un bì, wọn kò gbọdọ̀ fún un ní epo pupa mu. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n sì mú ìgò náà dání.

Ewu méjì míì wà tí àwọn òbí kì í sábà ronú kàn. Omi inú báfù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi ọmọ sílẹ̀ nídìí omi ìfọṣọ láti lọ gba ìpè orí fóònù. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà gbígbẹ sì lè há ọmọ kékeré lọ́fun tàbí kí wọ́n wọ imú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ ló tọ́ sí ọmọ ọdún 2, kì í ṣe ẹ̀wà.

Ọmọ méjì nínú ilé kan

Àwọn òbí kan wà tí iṣẹ́ ilé kò jìnnà sí ọgbẹ́ ọkàn fún. Wọ́n kiri ọjà ní kékeré, wọ́n pọn omi títí ọrùn fi ń dùn wọ́n, wọ́n sì pẹ́ dé ilé-ìwé lójoojúmọ́. Irú wọn ló máa ń sọ pé ìyà tó jẹ àwọn kò ní jẹ ọmọ àwọn. Ẹ̀jẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ni ìyà náà. Ìyà ni ẹrù tó wúwo jù, ẹgba tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ tí wọ́n pàdánù, àti àìsí ẹnikẹ́ni tó bá wọn jókòó ṣe é. Bí a bá mú ìwọ̀nyí kúrò, ohun tó kù ni ẹ̀kọ́ ilé.

Ohun tó burú jù ni kí òbí gbà ìyà náà kúrò lórí ọmọ tirẹ̀, kí ó sì gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tó di òfin ní ọdún 2003 lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ní láti sọ ọ́ di òfin tiwọn kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti múlẹ̀ ní Olú-ìlú Àpapọ̀, Àbújá. Abala 19 ní ọmọ ní ojúṣe sí ìdílé rẹ̀: kí ó bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà, kí ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tó bá yẹ. Abala 28 ka iṣẹ́ ipá àti iṣẹ́ ìrẹ́jẹ léèwọ̀ fún ọmọ, ó ka gbígbé ẹrù tó lè pa á lára léèwọ̀, ó sì ka mímú un ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí ìdílé tirẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni òfin náà ń pè ní ọmọ.

Òfin tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2015, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n láti oṣù 6 dé ọdún 7. Àjọ NAPTIP, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, ló ń mójú tó òfin náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣòro náà kò kéré. Ìwádìí ti ọdún 2022, tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, gbé jáde ní ọdún 2024, fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù 24 ọmọ ọdún 5 sí 17 tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò tọ́ sí ọmọdé ní Nàìjíríà, ìyẹn nǹkan bí 39 nínú ọmọ 100.

Ìbéèrè mẹ́ta ló lè ran òbí lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ẹ̀kọ́ parí sí, tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ àgbà wà pẹ̀lú ọmọ náà nídìí iṣẹ́? Ǹjẹ́ iṣẹ́ náà kò ju ara àti ọjọ́ orí rẹ̀ lọ? Ǹjẹ́ kò gba oorun rẹ̀, eré rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdáhùn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ rí bákan náà fún gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé náà, ìbáà ṣe ọmọ onílé, ìbáà ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá láti ìlú.

Ìwọ̀n sùúrù ni yóò ṣe é

Iṣẹ́ tí àgbà ń fi ìṣẹ́jú 5 ṣe, ọmọdé lè fi ìṣẹ́jú 20 ṣe é, kí ó sì tún ku àtúnṣe. Òtítọ́ yìí kò ṣe é sá fún. Bí òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kò bá gbà á, ọjọ́ Àbámẹ́ta wà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú wà. Iṣẹ́ kan lójúmọ́ tó fún ọmọ ọdún 2. Àgbà kò sì gbọdọ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe lójú rẹ̀ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó gbẹ, nítorí ọmọ tó bá rí i pé wọ́n tún aṣọ tí òun ká tú ti gbọ́ pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ ọ́.

Owó àti suwíìtì kò sì pọn dandan. Warneken àti Tomasello tún ṣe ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2008. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ oṣù 20 tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn nítorí ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣèrànwọ́ mọ́ lẹ́yìn náà, bíi ti àwọn tí wọ́n yìn lásán tàbí tí wọn kò fún ní nǹkan kan. Àwọn Yorùbá ní ohun tó dùn ju suwíìtì lọ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ: oríkì rẹ̀. Àjọkẹ́ tó gbé ife wá, Àkànní tó kó bàtà jọ, bí ìyá tàbí bàbá bá fi oríkì náà pè é pẹ̀lú "o ṣé", yóò fẹ́ kí wọ́n tún rán òun.

Bàbá ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú nínú èyí. Ọmọkùnrin tí kò rí bàbá rẹ̀ kí ó mú ìgbálẹ̀ rí yóò gbà pé iṣẹ́ obìnrin ni, arábìnrin rẹ̀ yóò sì máa ru ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Iṣẹ́ ilé kò gbọdọ̀ di ìjìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí wọ́n bá ní kí ó fọ abọ́ nítorí pé ó purọ́ yóò kórìíra abọ́ fífọ̀, kì í ṣe irọ́.

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ ọdún 2 tó ń na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ ń béèrè ààyè láti di ara ilé rẹ̀. Kí àwọn òbí ní Àbújá àti níbi gbogbo fún un ní ààyè náà, kí wọ́n gé ìgbálẹ̀ kékeré kan fún un, kí wọ́n sì tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kí ó lọ kàwé.